Ṣé Wọn Kò Rí Apá Tom Ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ń ka ìwé ìtàn àròsọ To Kill a Mockingbird tí Harper Lee kọ, tó jáde ní 1960. Ó ní ẹ̀rí fi hàn pé Tom Robinson kò jẹ̀bi. Kí ló dé tí wọ́n fi dá a lẹ́bi? Ìyá Bọ́sẹ̀, Kàbà.

Ìdáhùn: Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ ní kó tún ibi ìgbẹ́jọ́ kà. Ẹ̀rọ òwú ti ba apá òsì Tom jẹ́ láti kékeré. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ojú Mayella, ọmọbìnrin aláwọ̀ funfun tó ní Tom lu òun, ó sì fipá bá òun lò pọ̀, ni ọgbẹ́ sì wà, bí ìgbà tí ọlọ́wọ́ òsì gbá a. Bàbá Mayella gan-an, ọwọ́ òsì ló fi kọ orúkọ ní kóòtù! Gbogbo wọn rí i. Ṣùgbọ́n aláwọ̀ funfun ni àwọn ọkùnrin tí wọ́n yàn láti dájọ́, aláwọ̀ dúdú ni Tom. Wọ́n ti dá a lẹ́bi kí wọ́n tó jókòó.

Inú máa ń bí mi tí olùkọ́ bá ní ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà nìyẹn. Ẹ bi ọmọ yín: tí ewúrẹ́ bá sọnù ládùúgbò yín, ta ni wọ́n ń kọ́kọ́ fura sí, ọmọ onílé àbí àlejò tó wá ṣe lébìrà?