Ta ló ń gbé òkè nínú fọ́múlà buffer?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, mo ti há fọ́múlà pH ti buffer (àpòpọ̀ tí kì í jẹ́ kí pH yí padà púpọ̀ bí a bá fi ásíìdì tàbí básì díẹ̀ kún un) sórí, ṣùgbọ́n bí mo bá ti jókòó síbi ìdánwò, n kì í rántí èwo ló wà lókè. "Iyọ̀ lókè, ásíìdì nísàlẹ̀" ni wọ́n kọ́ wa, ó sì já mi kulẹ̀ lórí àmóníà. Kí ni ọ̀nà àbáyọ?

Ìdáhùn: "Iyọ̀ lókè" kò burú fún CH₃COOH, ásíìdì inú fínígà, àti iyọ̀ rẹ̀ CH₃COONa. Lórí àmóníà, NH₄Cl tó jẹ́ iyọ̀ gan-an ló ń ṣe iṣẹ́ ásíìdì, ibẹ̀ ló ti ń ṣini lọ́nà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ iyọ̀ sílẹ̀. Ẹ ka H⁺, ohun tí ásíìdì máa ń fi sílẹ̀, sí ẹrù, kí ẹ wá há èyí sórí:

*Ẹni tó rẹrù, ìsàlẹ̀ ló ń gbé;*
*ẹni tára rẹ̀ fúyẹ́, òkè ló ń gbé.*

pH = pKa + log([A⁻]/[HA])

HA ni ásíìdì tó rẹrù, A⁻ ni ohun tó kù lẹ́yìn tó sọ ẹrù kalẹ̀; pKa ni nọ́ńbà tó ń sọ bí ásíìdì náà ṣe lágbára tó. CH₃COOH rẹrù, CH₃COO⁻ fúyẹ́. NH₄⁺ rẹrù, NH₃ fúyẹ́. Fún àmóníà, pKa ti NH₄⁺, ìyẹn 9.25, lẹ máa lò, kì í ṣe pKb 4.75, tó jẹ́ nọ́ńbà ti NH₃ gẹ́gẹ́ bí básì. Ọ̀pọ̀ ló ń kó sí pàkúté yẹn, torí ó jọ 4.76 ti CH₃COOH.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹ da 50 mL NaOH 0.1 M sínú 100 mL CH₃COOH 0.1 M. Ìdajì ásíìdì náà á sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, òkè àti ìsàlẹ̀ á wá ní móòlù 0.005 lọ́kọ̀ọ̀kan. Log 1 jẹ́ òdo, nítorí náà pH jẹ́ 4.76. Ẹ wá fi móòlù HCl 0.001 kún un. Ẹni tó fúyẹ́ ló máa gba ẹrù tuntun yìí: tòkè á di 0.004, tìsàlẹ̀ á di 0.006, pH á sì bọ́ sí 4.58. Ká ní inú 150 mL omi lásán lẹ da HCl yẹn sí ni, 2.18 ni ì bá jẹ́.

Bí NaOH yẹn bá tó 100 mL, kò sẹ́ni tó rẹrù mọ́, buffer ti tán nìyẹn. HCl àti NaCl pàápàá kì í ṣe buffer, torí Cl⁻ kì í gba ẹrù padà nínú omi.

Bí ìṣirò yín bá sì ní pH gòkè lẹ́yìn tí ẹ da ásíìdì sí i, ẹ ti dorí fọ́múlà kodò.