Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gba àkọ́bí mi: ṣé mo lè bí èkejì lójú ara?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ìbàdàn ni mò ń gbé, ẹni ọdún 31 ni mí. Lọ́dún 2022, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gba àkọ́bí mi nítorí pé ìdí ló fi sísàlẹ̀, mi ò sì rọbí rárá. Oyún kejì ti pé ọ̀sẹ̀ 30 báyìí. Dókítà tó ń rí mi ní kí n lọ rò ó wò: ṣé kí wọ́n dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún mi ni, àbí kí n dúró de ìrọbí? Ọ̀rẹ́ mi ní ẹni tí wọ́n bá ti là lẹ́ẹ̀kan, lílà ni títí ayé. Ìyá ọkọ mi ní kí n wá sí ilé ìgbẹ̀bí ìjọ àwọn. Ọmọ mẹ́rin ni èmi àti ọkọ mi fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o. Tibi-tire lẹ ó sọ̀.

Pẹ̀lú ohun tí ẹ kọ yìí, mo rò pé ó yẹ kí ẹ gbìyànjú láti bí ọmọ yìí lójú ara, bí ohun méjì bá wà nílẹ̀. Èkíní ni ìwé tó sọ bí wọ́n ṣe gé ilé ọmọ yín lọ́dún 2022. Èkejì ni ọsibítù tó lè gbé yín wọ yàrá iṣẹ́ abẹ kíákíá, ì báà jẹ́ aago méjì òru. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá sọnù, ẹ jẹ́ kí wọ́n dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún yín.

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ yín sọ kì í ṣe irọ́ tó kàn hù lójijì. Dókítà Edwin Cragin ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní New York lọ́dún 1916. Nígbà yẹn, gígùn ni wọ́n máa ń la ilé ọmọ, láti apá òkè, níbi tí ẹran rẹ̀ ti ń fún pọ̀ jù lọ nígbà ìrọbí. Ojú àpá bẹ́ẹ̀ lè ya bí obìnrin bá tún rọbí. Láti bí ọdún 1920 sí 1930 ni Dókítà Munro Kerr ní Glasgow, ní Scotland, ti tan ọ̀nà mìíràn kálẹ̀: gígé ní ìbú, ní ìsàlẹ̀ ilé ọmọ, níbi tó fẹ́lẹ́ tí kì í sì í fún pọ̀ tó ti òkè. Irú èyí ni a ń ṣe fún ọ̀pọ̀ obìnrin lónìí, òun ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "lílà ni títí" ti kúrò ní òfin.

Ẹ má wo àpá ara ikùn yín kí ẹ fi pinnu. Ó lè wà ní ìbú lóde, kí ti inú wà ní gígùn, pàápàá bí oyún kò bá tíì pé oṣù tàbí tí ọmọ dábùú. Ìwé iṣẹ́ abẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Bí ìwé bá sọ pé gígùn ni wọ́n gé e, tàbí pé wọ́n gé e ní ìbú tí wọ́n sì tún là á lọ sókè, ẹ má rọbí, iṣẹ́ abẹ ni. Bákan náà ni ẹni tí ilé ọmọ rẹ̀ ti ya rí, tàbí tí skáànù fi hàn pé ibi ọmọ dí ẹnu ilé ọmọ.

Ká wá sọ̀rọ̀ òǹkà. Nínú 100 obìnrin tí wọ́n gé lẹ́ẹ̀kan ní ìsàlẹ̀, tí wọ́n sì rọbí, nǹkan bí 72 sí 75 ló ń bímọ lójú ara. Ẹni tó bá ti bí lójú ara rí, tirẹ̀ ń tó 85 sí 90. Ẹ̀yin ò tíì bí bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ohun tó gbé yín dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ ń ràn yín lọ́wọ́. Pé ọmọ fi ìdí sísàlẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ oyún yẹn, kì í ṣe ẹ̀bi ìbàdí yín. Ẹni tó rọbí títí tí ẹnu ilé ọmọ ṣí tán, tí orí ọmọ kọ̀ tí kò wálẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ le ju tiyín lọ. Inú mi tún dùn pé àlàfo tó wà láàárín oyún méjèèjì ju oṣù 18 lọ.

Àmọ́ obìnrin bíi 25 tó kù nínú 100 yẹn ló ń já sí iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì. Èyí máa ń mú ẹ̀jẹ̀ àti àkóràn wá ju iṣẹ́ abẹ tí a dá ọjọ́ fún. Kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà jọ ìjákulẹ̀ lójú yín bó bá ṣẹlẹ̀.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù jù ni kí ojú àpá ya nígbà ìrọbí. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí nǹkan bí ẹnì kan nínú 200. Bó bá ya, ẹ̀jẹ̀ á máa dà sínú ikùn, afẹ́fẹ́ á sì dínkù fún ọmọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí: ọsibítù tí wọ́n ti ń tẹ́tí sí ọkàn ọmọ láìdáwọ́ dúró, tí dókítà, afunnilóògùn oorun àti ẹ̀jẹ̀ wà nítòsí, ni òǹkà yẹn ti wá. Níbẹ̀, ewu tó lè pa ọmọ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti obìnrin tó ń rọbí àkọ́bí lọ. Ẹ gbé obìnrin kan náà lọ síbi tí kò sí dókítà, kí wọ́n tó wá ọkọ̀ láti Olódó dé UCH lóru, ọ̀rọ̀ ti di mìíràn.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè gbà fún ìyá ọkọ yín. Ìfẹ́ ló mú wọn sọ ọ́, mi ò sì bá àdúrà jà. Ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tẹ̀lé yín wá sí ọsibítù, kí wọ́n máa gbàdúrà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ohun tí mò ń sá fún ni abẹ́rẹ́ tí wọ́n lè gún fún yín ní ilé ìgbẹ̀bí láti mú ìrọbí yá. Oògùn tó ń fa ìrọbí tàbí tó ń mú un le lè sọ ewu kí àpá ya di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Misoprostol kò gbọdọ̀ wọlé rárá láti fi fa ìrọbí nígbà tí ọmọ ti tó bí, tí àpá sì wà. Àgbo wẹ́rẹ́ náà kò níwọ̀n, ẹ jẹ́ kó dúró ná.

Ọmọ mẹ́rin tí ẹ fẹ́ wọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Bí ọgbẹ́ ilé ọmọ ṣe ń pọ̀ sí i ni ibi ọmọ ṣe lè so mọ́ ojú àpá, kó wọ inú ẹran, kó kọ̀ láti kúrò. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2006 wo àwọn tí ibi ọmọ dí ẹnu ilé ọmọ. Ó bá ibi ọmọ tó wọ inú ẹran bẹ́ẹ̀ lára 11 nínú 100 nígbà iṣẹ́ abẹ kejì, 40 nígbà ẹ̀kẹta, 61 nígbà ẹ̀kẹrin. Nígbà mìíràn, yíyọ ilé ọmọ kúrò pátápátá ló máa ń gba ẹ̀mí ìyá là. Bó bá jẹ́ pé ọmọ méjì péré lẹ fẹ́, n kò ní tẹnu mọ́ ọn tó báyìí.

Iṣẹ́ abẹ tí a dá ọjọ́ fún náà ní iyì tirẹ̀: ẹ mọ ọjọ́, ojú àpá fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè ya, kò sí sáré-sáré òru. Ara yóò pẹ́ díẹ̀ kó tó padà bọ̀ sípò, ọmọ ọwọ́ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á sì máa dúró dè yín. Bí ẹ bá yàn án, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe é ṣáájú ọ̀sẹ̀ 39 láìnídìí, torí mímí ọmọ. Kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ẹ ò bímọ. Abiyamọ lẹ jẹ́, ọ̀nà yòówù kí ọmọ gbà wá.

Ọ̀nà kan yòówù tí ẹ bá mú, ẹ tọ́jú owó iṣẹ́ abẹ, kí ọkọ yín àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Ní ìparí ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde iṣẹ́ abẹ ìbímọ lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn aláìní láwọn ọsibítù tó bá NHIA, àjọ adójútòfò ìlera ìjọba, ṣe àdéhùn. Ẹ béèrè bóyá tiyín wà níbẹ̀, àti bóyá ẹ yẹ fún un.

Bí ìrọbí bá mú yín tàbí tí omi bá ya, ẹ má dúró nílé kó le sí i. Ẹ máa bọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ì báà jẹ́ pé ọjọ́ iṣẹ́ abẹ kò tíì pé. Ìrora tí kì í lọ láàárín ìrọbí kan sí èkejì, ìrora lójú àpá, ẹ̀jẹ̀, tàbí ìrọbí tó ń lọ dáadáa tó kàn dúró lójijì: ẹ pariwo pe nọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá kọjá ọjọ́ tí wọ́n ṣírò pé ẹ ó bímọ láìrọbí, ẹ̀yin àti dókítà yín ẹ tún jókòó. Wọ́n lè fi rọ́bà kékeré ṣí ẹnu ilé ọmọ díẹ̀díẹ̀, tàbí kí ẹ gba iṣẹ́ abẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ lọ sí ọsibítù ọdún 2022 lọ béèrè ẹ̀dà ìwé iṣẹ́ abẹ yín ní ọ́fíìsì tí wọ́n ń tọ́jú fáìlì sí. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ó wà lórí fóònù yín àti ti ọkọ yín, kí ẹ sì mú ìwé náà lọ fún dókítà yín kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 36.