Kí ni a lè gbìn sábẹ́ igi fúrúùtù ní Sùúrùlérè?

Ewé eéran àti gbúre ni kẹ́ ẹ gbìn. Ẹ má wulẹ̀ gbin tòmátì tàbí ata síbẹ̀: òòrùn kò ní tó wọn, wọ́n á kàn ga láìso. Ewé eéran ló dáa jù lójú mi, torí abẹ́ igi ńlá nínú igbó ló ti ń hù, ẹ ó sì rí i fi pọ́n mọ́ínmọ́ín. Ẹ fi 60 sẹ̀ǹtímítà sáàárín ìdí kan sí èkejì. 20 tó fún gbúre.

Gbòǹgbò igi náà ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ jìnnà sí ìdí igi tó mítà kan. Bẹ́ ẹ bá ń gbẹ́lẹ̀ tẹ́ ẹ kan gbòǹgbò tó tóbi tó àtàǹpàkò, ẹ má gé e, ẹ gbẹ́ ibòmíràn. Iyẹ̀pẹ̀ tẹ́ ẹ máa dà lé e kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, kí afẹ́fẹ́ lè dé gbòǹgbò. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa ni kẹ́ ẹ pò mọ́ ọn. Èyí tó ṣì tútù á jó ohun tẹ́ ẹ gbìn.

Tí ewé fúrúùtù bá pọ́n, tó ń já, ẹ máa gbá a kúrò lórí gbúre. Ó fẹ̀, ó lè bò ó pa.