Bíà Tó Korò Tí Kò Ta Sánsán

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ni mo wà ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, owó ọwọ́ mi kò sì tó nǹkan. Mo ra agolo malt extract kan (omi dídùn tó ki, tí wọ́n fi ọkà bálì tó hù ṣe) àti hops gíráàmù 50 (òdòdó gbígbẹ tó ń mú bíà korò, tó sì ń mú un ta sánsán) láti fi pọn bíà lítà 10. Mo da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà, mo sè é fún wákàtí kan. Ó korò bí ewúro tí wọn ò fọ̀, ó dúdú, kò sì ní òórùn ọsàn tí mo máa ń gbọ́ nínú bíà àwọn ará ibí. Ṣé kí n lọ ra ohun èlò olówó gọbọi ni? (Ọmọ Ìjẹ̀bú)

ÌDÁHÙN: Àbúrò, má tíì náwó. Ìkòkò tí o fi ń se ìrẹsì tó o, hops rẹ náà tó. Àsìkò tí o dà á sí i ni kò bá a mu.

Ìyá mi kì í já efinrin sínú ọbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó di ìgbà tó bá fẹ́ sọ ọbẹ̀ kalẹ̀ kó tó já a sí i, kó sì dé e pa. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni hops. Ìkorò rẹ̀ kì í jáde àfi tó bá hó pẹ́, ṣùgbọ́n òróró tó ń ta sánsán nínú rẹ̀, kíá ni ooru ń gbé e lọ. Tìrẹ ti gba fèrèsé jáde.

Ìyá bàbá mi máa ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Àgbàdo ni wọ́n ń rẹ, wọ́n á jẹ́ kó hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, kí wọ́n tó gbé e kaná. Gbogbo wàhálà yẹn ni àwọn tó ṣe agolo yìí ti bá ọ fi ọkà bálì ṣe. Ohun tó kù fún ọ kò pọ̀, ìdí nìyẹn tí o fi gbọ́dọ̀ ṣe é dáadáa.

Ní Peckham ní London, nínú ilé ìdáná tí kò gba èèyàn méjì, agolo kílò 1.5, aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ni mo ń lò fún lítà 10. Mo gbé omi lítà 5 kaná. Tó bá hó, mo pa iná kí n tó da ìdajì agolo sí i, torí ó ki bí oyin, yóò sì jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Mo rò ó títí orógùn ò fi ní kan nǹkan kan nísàlẹ̀ mọ́, kí n tó tún daná. Má kúrò nídìí rẹ̀ o, ó máa ń ru sókè bí ẹ̀kọ tó fẹ́ dà sórí iná. Bó bá ti ń hó, hops gíráàmù 15 wọlé fún ìkorò. Tó bá pé ìṣẹ́jú 50, 15 mìíràn. Tó bá pé wákàtí kan, mo pa iná, mo ro malt tó kù pọ̀ mọ́ ọn, mo da hops 20 tó gbẹ̀yìn sí i, mo dé e fún ìṣẹ́jú 15. Malt tí kò bá iná pẹ́ yẹn ni kì í jẹ́ kó dúdú.

Cascade ni hops tí mo fẹ́ràn. Oregon ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mú un jáde ní 1972. Tí o bá ya ọ̀rá rẹ̀, fi ìka ra díẹ̀, kí o gbọ́ ọ: èèpo ọsàn ló yẹ kó máa ta sí ọ nímú. Bó bá ń rùn bíi wàràkàṣì, ó ti pẹ́ jù, má lò ó.

Gbé ìkòkò sínú omi tútù nínú síńkì, sẹ́ ẹ sínú garawa oníderí, fi omi tútù sí i kó pé lítà 10. Tó bá ti wà láàárín 18 sí 20 lórí ìwọ̀n Celsius, wọ́n yíìsì bíà sí i, ìdajì páálí gíráàmù 11 tó. Yíìsì búrẹ́dì á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í sinmi sísàlẹ̀ dáadáa. Fi omi apakòkòrò fọ gbogbo ohun tó bá máa kan bíà lẹ́yìn tó ti tutù. Má dé garawa náà pinpin, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè jáde.

Ohun kan ṣoṣo tí mo ní kí o rà ni hydrometer, ohun èlò tó ń léfòó nínú bíà láti fi mọ̀ bóyá yíìsì ti jẹ ṣúgà inú rẹ̀ tán. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, mo rọ bíà sínú ìgò lọ́jọ́ keje torí pé kò hó mọ́. Lóru ọjọ́ kan, ìgò mẹ́ta bú gbàmù nínú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ àtẹ̀gùn, àfọ́kù wọ inú ẹ̀wù òtútù wa. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọmọ mi mú bàtà rẹ̀ níbẹ̀. Títí di òní, tí mo bá rántí, ara mi á bù máṣọ. Lórí hydrometer, tìrẹ máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1.045, á sì máa lọ sílẹ̀ bí ṣúgà ṣe ń tán. Fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó dúró sójú kan fún ọjọ́ mẹ́ta ní àyíká 1.010, kí o tó rọ ọ́.

Láti 1963 ni ìjọba ibí kò ti béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń pọn bíà tí yóò mu fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n má tà á, ì báà ṣe níbi òde àwọn ará wa.

Tí o bá fẹ́ rọ bíà náà, ṣúgà gíráàmù 60 tí o ti fi omi gbígbóná yọ́ ló tó láti pò mọ́ lítà 10, kó lè yọ ìfófòó. Ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni kí o rọ ọ́ sí, kí oòrùn má sì kàn án, torí oòrùn máa ń sọ òórùn hops di ìdàkudà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, fọwọ́ tẹ ike náà. Bó bá ti le bíi bọ́ọ̀lù, gbé ọ̀kan sínú fíríìjì.