Báwo ni èròjà ìdàgbàsókè ṣe ń dáàbò bo iṣan ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ẹ̀dọ̀fóró bá fara pa?

Ìpele sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ tíńtìntín inú ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà so mọ́ra bíi búlọ́ọ̀kù tí a fi sìmẹ́ńtì lẹ̀. Bí òtútù àyà tó le bá kọlù wọ́n, àlàfo á yọ láàárín wọn, omi á jò látinú ẹ̀jẹ̀ wọ inú àpò afẹ́fẹ́, aláìsàn kò sì ní lè mí dáadáa mọ́.

Nínú àwọn èròjà ìdàgbàsókè, ìyẹn èròjà tí ara ń ṣe láti darí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń dàgbà tí wọ́n sì ń wà láàyè, èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú mi ni angiopoietin-1. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ Tie2, èròjà tó ń gba àṣẹ lára sẹ́ẹ̀lì. Ibẹ̀ ni àṣẹ ti ń wọlé pé kí sẹ́ẹ̀lì má kú, kí wọ́n sì di ara wọn mú ṣinṣin. Ṣùgbọ́n ó ní orogún: angiopoietin-2, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan náà ń tú jáde nígbà ìpalára, máa ń dí i lọ́wọ́.

Ti VEGF, èròjà ìdàgbàsókè mìíràn fún iṣan ẹ̀jẹ̀, ta kókó díẹ̀. Ó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì wà láàyè, síbẹ̀ ó tún lè mú kí iṣan jò. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2000, wọ́n dínà rẹ̀ lára eku, sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀dọ̀fóró wọn sì ń kú.

Dókítà kò tíì máa fi àwọn èròjà yìí tọ́jú ìpalára ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀rọ amúnimí àti ìtọ́jú ohun tó fa àìsàn náà ni wọ́n ṣì gbẹ́kẹ̀ lé.