Ṣé tí wọ́n bá dín ọjọ́ iṣẹ́ kù, ó lè ṣe àyíká wa láǹfààní?
Bẹ́ẹ̀ ni o, àmọ́ ọwọ́ bí wọ́n bá ṣe dín in kù ló wà. Microsoft dán an wò ní Japan ní August 2019, wọ́n ti ọ́fíìsì pa ní gbogbo Friday, iná tí wọ́n lò sì fi nǹkan bí 23% wálẹ̀.

Níbàdàn níbí, ẹ ṣáà wo jẹnẹrétọ̀ ọ́fíìsì tó ń mu dísù látàárọ̀, àti àwọn Micra tó há mọ́ra wọn ní Ìwó Road tí èéfín ń rú lẹ́yìn wọn. Tó bá jẹ́ wákàtí kan ni wọ́n yọ lójúmọ́, ọkọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń wọ̀ náà lẹ ṣì máa wọ̀, torí náà odidi ọjọ́ kan ló dáa jù, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wá fi ọjọ́ yẹn wa mọ́tò lọ òde ìnáwó l'Ékòó, epo yẹn ti jó padà nìyẹn.