Ẹ Bi Bàbá Fọ́tò: Ilé Àtijọ́ Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wa

Nínú oṣù tó kọjá, mo rọ gbogbo ẹni tó ń gbé ní Àgbádárìgì àti agbègbè rẹ̀ pé kí wọ́n máa ya fọ́tò àwọn ilé àtijọ́ tó wà ládùúgbò wọn. Lẹ́tà tí ẹ fi dá mi lóhùn pọ̀. Mẹ́rin ni mo mú nínú wọn. Èyí àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù, nítorí ó kan ohun tó ti ń dùn mí tipẹ́.

Ìbéèrè: Bàbá Fọ́tò, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Àjàrá. Mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ wo ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tó wà ní Màrínà níbí, mo sì fi fóònù mi yà á. Nígbà tí mo délé tí mo wò ó, ṣe ni ilé náà fì sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ ṣubú. Iwájú rẹ̀ dúdú, ojú ọ̀run sì funfun báláú. Kí ni mo ṣe tí kò dáa? Èkejì, ẹ jọ̀ọ́ sà: ilé yẹn, gbogbo ayé ló ti yà á. Ṣé ó tún yẹ kí èmi náà máa yà á?
*Tíṣà Àjàrá*

Ìdáhùn: Tíṣà wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kò sí nǹkan tó ṣe fóònù yín. Ẹ súnmọ́ ilé jù ni, ẹ wá gbé orí fóònù sókè kí òrùlé lè wọlé. Nígbàkigbà tí a bá gbé kámẹ́rà sókè báyẹn, ògiri ọ̀tún àti ògiri òsì á máa fà súnmọ́ ara wọn lókè, ilé á sì dà bí ẹni tó ń wó lọ. Ẹ rìn sẹ́yìn. Ẹ máa rìn sẹ́yìn lọ sí ìhà ọ̀sà títí gbogbo ilé á fi wọlé láìgbé fóònù sókè. Kí fóònù dúró ṣánṣán lọ́wọ́ yín, bí dígí tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri. Tí ilẹ̀ bá pọ̀ jù nísàlẹ̀ fọ́tò, ẹ jẹ́ kó pọ̀, ẹ ó gé e kúrò nígbà tí ẹ bá délé. Nínú ètò kámẹ́rà fóònù yín, àwọn ìlà kan wà tó ń pín ojú rẹ̀ sí mẹ́sàn-án. Ẹ tàn án. Kí igun ilé àti ìlà òòró yẹn jọ dúró pọ̀. Níbi tí wọ́n kọ 0.5 sí, ẹ má fọwọ́ kàn án tí ilé lẹ fẹ́ yà. Ó máa ń fa igun ilé gùn kọjá bó ṣe yẹ. Ẹ lo 1, tàbí 2 tí ààyè bá wà láti rìn sẹ́yìn.

Ní ti iwájú ilé tó dúdú, oòrùn ni. Ẹ̀yin ará Àgbádárìgì, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí mi ò rí i kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mọ́. Ọ̀sà wà ní gúúsù ìlú wa, ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì yẹn sì kọjú sí i. Láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá títí di ìparí oṣù Kejì, apá gúúsù ni oòrùn máa ń gbà kọjá lọ́sàn-án, á máa tàn sí iwájú ilé náà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Tó bá wá di oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje, apá àríwá ló ń gbà. Ẹ̀yìn ilé ló ń tàn sí lọ́sàn-án, iwájú á wà nínú òjìji. Tí ẹ bá kó àwọn ọmọ lọ ní oṣù Kẹfà ní agogo méjìlá ọ̀sán, ohun tí ẹ rí yẹn náà lẹ máa rí. Ẹ tún un yà ní oṣù Kejìlá, láàárín agogo méje ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án àárọ̀. Oòrùn á ti ẹ̀gbẹ́ wá, àwọn pákó fèrèsé á ní òjìji kéékèèké lábẹ́, ẹ ó sì rí bí ara ògiri ṣe rí gan-an. Tó bá jẹ́ pé oṣù Kẹfà nìkan ni ẹ ráyè, ẹ lọ ní ọjọ́ tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run. Ìkùukùu kì í ṣe ọ̀tá fọ́tò ilé.

Ìbéèrè yín kejì ni mo fẹ́ dáhùn dáadáa.

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ yà á. Ọdún 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé yẹn lélẹ̀, ó parí ní 1845, ọdún tí Ajayi Crowther dé Àgbádárìgì kó tó kọjá sí Abẹ́òkúta. Òótọ́ ni pé fọ́tò rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ nìkan ni gbogbo èèyàn ń yà, wọ́n á dúró síbi kan náà, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ńkọ́? Ìdè ilẹ̀kùn ńkọ́? Kànga tó wà nínú ọgbà ńkọ́? Ẹ yà wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kí ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí lè mọ bó ṣe ga tó.

Ṣùgbọ́n Tíṣà, kì í ṣe ilé yẹn ló ń gba oorun lójú mi. Ilé tí kò sí nínú ìwé ìtàn kankan ni, èyí tí àwọn ọmọ kíláàsì yín ń jí sí láràárọ̀.

Ní 1984 ni mo wọṣẹ́ fọ́tò. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo gba ìyọ̀ǹda, kò sí agboolé kan ní àárín ìlú wa tí wọn ò pè mí sí: ìgbéyàwó, ìkómọjáde, òkú àgbà, oyè jíjẹ. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, obìnrin kan ti Kútọnu wá bá mi. Ọmọ ìlú wa ni, ọkọ ló gbé e lọ síbẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa ń ya fọ́tò nílé wa. Wọ́n ti wó ilé bàbá mi àgbà, wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ẹ bá mi wá fọ́tò rẹ̀, kí àwọn ọmọ mi lè mọ̀ ọ́n.” Mo mọ ilé náà dáadáa. Ilé Àgùdà ni, irú èyí tí àwọn tó ti Brazil padà wá máa ń kọ́, alámọ̀ tí wọ́n rẹ́ dán, orí fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, òpó mẹ́rin ló wà níwájú rẹ̀. Á tó ogún ìgbà tí mo ṣiṣẹ́ nínú ọgbà yẹn. Mo fọwọ́ sọ̀yà fún un pé kó padà wá lọ́jọ́ kẹta.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tú àpótí. Gbogbo fíìmù tí mo ti tọ́jú ni mo gbé sójú iná wò. Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí. Mo rí ìyàwó tuntun, ìlàjì fèrèsé kan wà lẹ́yìn orí rẹ̀. Mo rí ọmọdé kan tó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ipele méjì ìsàlẹ̀ nìkan ló hàn. Mo rí olóyè kan tó fara ti òpó. Ilé fúnra rẹ̀ ò sí níbì kankan. Ogún ọdún ni mo fi kẹ̀yìn gbogbo èèyàn sí ilé yẹn kí n tó yà wọ́n, mi ò yí kámẹ́rà sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo tẹ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un. Ó dúpẹ́, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan tó le. Èmi ni oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ má sì rò pé ilé tí ìjọba bá ti mọ̀ ti bọ́. Ẹ̀yin tó ń lọ sí Èkó rántí Ilojo Bar ní Tinubu Square. Ilé Àgùdà ni, 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o. Fọ́tò ló kù.

Nítorí náà, Tíṣà, ẹ fún àwọn ọmọ kíláàsì níṣẹ́. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ya ilé tó dàgbà jù ní agboolé wọn: iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ilẹ̀kùn àbáwọlé, fèrèsé kan láti ìtòsí, etí páànù, kànga, ibi tí wọ́n sin àwọn àgbà sí tí àwọn ará ilé bá gbà bẹ́ẹ̀. Kó wá bi ẹni tó dàgbà jù nínú ilé pé ta ló kọ́ ọ, ta ló gbé yàrá wo. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, àwọn ọmọ yẹn á sì gbọ́ ohun tí wọn ò gbọ́ rí nípa orúkọ ara wọn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Yunifásítì ni mí, ìsinmi ni mo wá lò lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi ní Àgbádárìgì. Mo ń ya ilé àtijọ́ kan ní àdúgbò, ni bàbá àgbàlagbà kan bá jáde, ó pariwo mọ́ mi, ó ní kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Ojú títì ni mo dúró sí o, mi ò wọ inú ọgbà wọn. Ṣé mo ṣẹ̀ ni?
*Àlejò Oníkámẹ́rà*

Ìdáhùn: Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Ẹ ṣe dáadáa bí ẹ ṣe pa á rẹ́ láìbá bàbá jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ní ìlú yìí, ilé ìtàn àti ilé gbígbé kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ẹ wo àgbàlá Seriki Faremi Williams Abass. Ọmọdé ni wọ́n mú un lẹ́rú lọ sí Brazil, ó padà wá di oníṣòwò ẹrú fúnra rẹ̀, ó sì kú ní 1919. Àwọn yàrá tóóró tí wọ́n ń kó ẹrú sí wà níbẹ̀, sàréè rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ń dáná, wọ́n ń sá aṣọ nínú àgbàlá kan náà. Tí ẹ bá gbé kámẹ́rà sókè níbẹ̀ láìkí ẹnikẹ́ni, yàrá ìyá ẹlòmíràn lẹ kọjú ẹ̀ sí yẹn.

Ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ lọ, ẹ má mú kámẹ́rà jáde. Ẹ lọ bá baálé, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ sọ ọmọ ẹni tí ẹ jẹ́ àti ẹni tí ẹ dé sí lọ́dọ̀. Tó bá jẹ́ pé Ègùn nìkan ni bàbá gbọ́, àbúrò ìyá yín á bá yín wá ẹni tó máa túmọ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi fọ́tò ṣe. Ìdí tí àwọn àgbà fi ń bínú ni pé ọ̀pọ̀ ìgbà, lẹ́yìn ẹni tó wá ya ilé, ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e. Ẹ padà lọ bá bàbá yẹn. Tó bá gbà, ẹ tẹ ẹyọ kan nínú fọ́tò náà sórí ìwé, kó tóbi, ẹ gbé e lọ fún un. Mi ò tíì rí agboolé tó gba fọ́tò báyẹn tó tún lé mi lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ojúbọ, irú èyí tó wà ní Vlekete níbi tí ọjà ẹrú wà láyé ọjọ́un, ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ má yà, ẹ má yà á, kódà láti ọ̀nà jíjìn. Ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ san owó ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì béèrè bóyá fọ́tò ní owó tirẹ̀. Tí wọ́n bá jẹ́ kí ẹ yà nínú yàrá tó ṣókùnkùn, ẹ pa iná fóònù, èyí tí wọ́n ń pè ní flash. Ẹ gbé fóònù lé orí nǹkan tó dúró gbọn-in, kí ẹ fi sí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kó tó yà, kí ọwọ́ yín má baà mì ín. Ìmọ́lẹ̀ táṣẹ́rẹ́ tó ń gba ojú ihò wọlé nínú yàrá ẹrú, òun gan-an ni fọ́tò yẹn. Iná fóònù á pa á.

Ẹ̀yin tó ń lọ sí ìhà Sẹ̀mẹ̀, ẹ má ya ibi tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, ọlọ́pàá tàbí sójà wà. Òfin kọ̀ ọ́, wọ́n á gba fóònù lọ́wọ́ yín.

Ìbéèrè: Bàbá, mo fẹ́ lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fú lọ ya ọ̀nà tí wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà lọ sétí òkun. Ìgbà tí mo lọ kẹ́yìn, gbogbo fọ́tò mi ló ṣú bí ẹni pé èéfín bò ó.
*Ìyá Ìbejì, Ìbèrèkó*

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọwọ́ lómi o. Iyọ̀ òkun ló bo ojú kámẹ́rà yín. Atẹ́gùn etí òkun máa ń gbé e wá, ojú ò rí i. Ẹ mú aṣọ òwú tó mọ́ dání, ẹ nù ún ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ yà, kì í ṣe etí ìró, nítorí iyanrìn á ha á. Tó bá sì jẹ́ ìgbà ọyẹ́ lẹ lọ, eruku ọyẹ́ náà wà níbẹ̀, ìyẹn ò ní oògùn àfi kí ẹ súnmọ́ ohun tí ẹ fẹ́ yà.

Ẹ tètè wọ ọkọ̀ ojú omi láàárọ̀, nítorí ìrìn ẹsẹ̀ wà lórí iyanrìn yẹn lẹ́yìn tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má sáré lọ sídìí àwọn òpó tó wà létí òkun kí ẹ tó yà. Ẹ ya ọ̀nà náà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú igi àgbọn àti iyanrìn, láti ibi tí kànga wà, èyí tí wọ́n ní àwọn ẹrú ń mu omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí fóònù sún mọ́ ilẹ̀. Ọ̀nà yẹn á gùn nínú fọ́tò bó ṣe gùn lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tó rìn ín.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, báwo la ṣe ń tọ́jú fọ́tò tí kò fi ní sọnù? Tèmi bá fóònù lọ.
*Ọmọ Tọ́pò*

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́ o. Ibi méjì ó kéré tán: kí ọ̀kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ọ̀kan wà nínú kọ̀ǹpútà tàbí fúláàṣì tí ẹ kì í gbé jáde. Tí ẹ bá ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bí ìwé (ibi tí wọ́n kọ Document sí), ẹ má fi ránṣẹ́ bí fọ́tò lásán. Tí ẹ bá fi ránṣẹ́ bí fọ́tò, á kéré sí i, ọjọ́ tí ẹ yà á tó wà nínú rẹ̀ á sì pa rẹ́. Èyí tó ṣe pàtàkì jù, ẹ tẹ díẹ̀ sórí ìwé. Ẹ kọ orúkọ àdúgbò, orúkọ ìdílé, apá ibi tí ẹ dúró sí, ọjọ́, oṣù àti ọdún sí ẹ̀yìn rẹ̀. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́, kí ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù. Báírò máa ń ràn lọ sí iwájú fọ́tò tí òjò bá kán sí i.